Búráúsà Tí Kì í Rántí Oníbàárà

Ẹni tó bá sọ fún mi pé kí n jókòó kí n sinmi, ọ̀tá mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún mi nìyẹn. Bàsírà ọmọ mi ń sọ ọ́, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń sọ ọ́. Mo máa jókòó díẹ̀, ìka mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí itan bí ẹni ń tẹ̀wé, n óò sì dìde. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ wo gbágùúdá tí mo sá sójúde, bẹ́ẹ̀ kò sí ewúrẹ́ kankan nítòsí.

Àwọn ọ̀dọ́ Igbó-Ọrà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á yà kí mi, wọ́n á ní, "Màmá Bàsírà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí, ṣé kéèyàn kọ́ ọ? Búráúsà wo ló tiẹ̀ dáa jù lórí Linux?" Wọ́n rò pé ìbéèrè kékeré ni èkejì yẹn. Èmi mọ ẹni tí ìbéèrè náà gba ọdún méjìlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un wá.

Erúwà ni wọ́n bí mi sí. Sàbítíù ni wọ́n sọ mí. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi rán mi lọ síwájú mọ́, ni bàbá mi bá fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àlàdé. Ọ̀gá Àlàdé ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé, tó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ tàpúráítà. Ẹ̀rọ márùn-ún ló ní, àwa mẹ́sàn-án la jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìbàdí gbogbo wa á gún.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, kò fi bébà sẹ́nu ẹ̀rọ fún mi. Ó gé páálí, ó fi bo àwọn lẹ́tà mọ́lẹ̀, ó ní kí n máa fi ìka wá wọn. Bí mo bá yọjú wo abẹ́ páálí, rúlà ti bà mí lẹ́yìn ọwọ́.

"Sàbítíù, ojú kì í tẹ̀wé. Ìka ní í tẹ̀wé. Ìwé tí wọ́n gbé fún ọ ni kí ojú rẹ máa wò."

Nígbà tí mo wá ń tẹ ìwé gidi, kò gbà kí n fi ẹfun pa àṣìṣe rẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo bá ṣì tẹ̀ lójú ewé, á fa bébà yọ, á ya á, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọjọ́ kan wà tí mo tẹ ìwé ilẹ̀ kan náà nígbà mọ́kànlá. Ní ìgbà kẹsàn-án, omi ti ń bọ́ lójú mi sórí ẹ̀rọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, lẹ́tà kan péré mà ni."

Ó ní, "Orúkọ èèyàn ni. Bóo bá ṣi orúkọ ẹni tẹ̀, o ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Ìwọ á lọ sílé lọ jẹun, òun á lọ máa bá wọn ṣẹjọ́."

Mo sá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ara mi kò balẹ̀ rí láti kékeré, ìyá mi máa ń ní ẹsẹ̀ ni mo fi jáde sáyé. Mo sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Láńlátẹ̀, mo ní mo fẹ́ máa ta ẹ̀gúsí. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí Ọ̀gá Àlàdé lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójúde, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Kò bá mi jà. Ó mu omi, ó kí àwọn ará ilé, ó wá kọjú sí mi. "Mo mọ̀ pé ara rẹ kì í balẹ̀. Gbé e wá sídìí ẹ̀rọ, a jọ máa wá nǹkan fún un ṣe." Mo gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a padà sí Erúwà. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo lò kí ó tó gbà mí láyè láti dá ṣiṣẹ́.

Ti ọkọ, ti owó, kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Mo lọ́kọ, mo bí Bàsírà, a jẹun, a bora, ọmọ lọ sílé ìwé. Mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Láńlátẹ̀, n kò pẹ́ níbẹ̀, mo kó ẹrù mi wá sí Igbó-Ọrà nítorí ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Tàpúráítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìdàwékọ wọlé, tí ojú ọ̀nà kún fún ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tòkópì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dé. Mo kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí ni màá fi ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná ṣe, ní ìlú tí iná kì í dúró? Ṣùgbọ́n ohun tí ayé bá ń jó lọ bá, èèyàn ò lè fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sílé. Mo ra mẹ́ta tí àwọn kan ti lò tẹ́lẹ̀, mo ra jẹnẹrétọ̀. Ìka mi mọ ibi tí lẹ́tà wà láìwò, nítorí náà n kò jìyà púpọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, gbogbo fọ́ọ̀mù ilé ìwé bọ́ sórí rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi sì di ibi tí àwọn òbí ń kó ọmọ wá.

Kòkòrò kọ̀ǹpútà ló fẹ́ lé mi nídìí iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, lọ́jọ́ kejì gbogbo fáìlì á ti di nǹkan mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé àwọn ẹ̀rọ náà lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún wọn ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kòkòrò padà wọlé. Ẹnìkan ló wá sọ fún mi pé kí n lọ wo Músílíù ní Ayétẹ̀.

Rédíò ni Músílíù ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fóònù lé rédíò jáde, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi ìwé àti sùúrù kọ́ ara rẹ̀. Ó yọ ètò tó wà nínú ẹ̀rọ mi dànù, ó fi ètò mìíràn tó ń jẹ́ Linux sí i, ó ní kòkòrò tí ń dà mí láàmú kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n gbé ẹ̀rọ mi.

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ná."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Oṣù mẹ́ta."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Mo fi ọdún mẹ́wàá ju Músílíù lọ, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀, bó bá sì ti dìde tán, á máa lé mi bí ẹni lé adìẹ nídìí àgbàdo. "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ bọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ná." Àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí mo bá fẹ́ pa fún ẹ̀rọ, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sọ ohun tí yóò ṣe, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń gun ọ̀kadà gba Ìdèrè kọjá lọ sí Ayétẹ̀, eruku lójú, ìwé lápá. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá ọkọ tuntun ni mo ní níbẹ̀. Mo ní ọ̀gá ni, wọn ò gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ búráúsà, ẹ gbọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ilé, tí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìta, búráúsà ni fèrèsé tí ẹ fi ń wo ìta. Fèrèsé pọ̀ lórí Linux, ó wù yín kí ẹ lo èyí, ó wù yín kí ẹ lo tọ̀hún. Ẹ̀rọ tèmi ti darúgbó, mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré, nítorí náà mi ò rí èyí tó bá mi mu bọ̀rọ̀.

Èyí tó bá Linux wá ni mo kọ́kọ́ lò. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ara mi kò sì gba ohun tó bá lọ́ra. Mo kó lọ sórí èyí tí gbogbo ayé ń lò. Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó wá fẹ́ gbé erin, ni ẹ̀rọ mi jẹ́ fún ìyẹn. Tí mo bá ṣí ojú ìwé mẹ́ta, ẹ̀rọ á dákẹ́ gbáà bí ẹni tó gbé àmù omi méjì. Mo tún rí ẹ̀kẹta, fúlẹ́fúlẹ́ báyìí, ó ń sáré bí ọ̀yà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ilé ìwé kì í ṣí lórí rẹ̀ dáadáa. Ibi tó yẹ kí bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ wà, òfìfo ni. Ọmọ kan kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kò rí ibi tí yóò fi ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni mo bá fẹ́ra. Ó fúyẹ́, fọ́ọ̀mù ń ṣí lórí rẹ̀, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé ó ń rántí. Tí mo bá ti tẹ orúkọ ìlú wa lẹ́ẹ̀kan, á máa gbé e wá fúnra rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé, àdírẹ́sì, kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì, ó ti kọ ọ́ tán. Ẹni márùn-ún tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ di mẹ́wàá. Mo lọ sọ fún Músílíù.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ tó ń rántí fún gbogbo èèyàn, ṣé ó mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀?"

Mo ní ọkùnrin yìí ti fẹ́ràn àríwísí jù. Mo gun ọ̀kadà mi padà sílé.

Ní ọdún yẹn, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn gbé fọ́ọ̀mù jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù mi kún débi pé àwọn kan ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò níta. Bàbá Ìbejì wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Àgbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣì kéré. Táyé ló fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Láti kékeré ló ti ń di ọgbẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Olùkọ́ ló wu Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí Táyé bá ń lọ lòun ń lọ.

Mo ṣe ti Táyé. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi àwòrán sí i, mo fi ránṣẹ́, mo tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Kẹ́hìndé jókòó. Bí mo ṣe ṣí ojú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà, orúkọ bàbá ti wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ ti kún.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò rí i bí ẹ̀rọ ṣe ń ràn wá lọ́wọ́? Ó mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo pa Táyélolú rẹ́, mo kọ Kẹ́hìndé. Mo pààrọ̀ àwòrán. Mo fi ránṣẹ́, mo tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ìwé méjì, orúkọ méjì, àwòrán méjì. Nọ́ńbà kan náà ló wà lókè méjèèjì. Mi ò wò ó. Ẹni tó kàn ti ń na ìwé rẹ̀ sí mi láti ẹ̀yìn wọn.

Búráúsà kò tíì kúrò nínú fọ́ọ̀mù Táyé. Kò ṣí tuntun fún Kẹ́hìndé. Fọ́ọ̀mù Táyé ni mo fọwọ́ ara mi pa rẹ́, mo kọ ìkejì rẹ̀ lé e lórí.

Ọjọ́ ìdánwò, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù mi dún. Táyé ni. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn èèyàn.

"Màmá, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ní mi ò sí. Wọ́n ní èmi àti Kẹ́hìndé fẹ́ fi ojú tó jọra ṣe jìbìtì. Wọ́n ní àwọn máa fagi lé tiẹ̀ náà."

N kò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fi àwọn oníbàárà sílẹ̀ lórí àga, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wo ìwé àwọn ọmọ náà nínú fóònù mi, nítorí mo máa ń ya àwòrán ìwé tí mo bá tẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni mo rí nọ́ńbà. Mo wò ó títí ojú mi fi ń ṣú. Mo rántí Ọ̀gá Àlàdé tó ń fa bébà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì ṣe mí bíi kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn.

Mo bá Táyé lẹ́nu géètì, ó jókòó sórí òkúta, ó ká ìwé rẹ̀ mọ́wọ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ tí mo bayé rẹ̀ jẹ́ kúnlẹ̀ kí mi.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń bójú tó ìdánwò náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ọmọ yìí ò mọ nǹkankan. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ta ni yín?"

"Èmi ni mo tẹ fọ́ọ̀mù wọn."

"Ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú?"

Mo kọ ọ́. Mo kọ bí mo ṣe pa orúkọ kan rẹ́. Mo buwọ́ lù ú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ìwé yìí máa gba ọmọ tó wà nínú yàrá sílẹ̀. Wọn ò ní fagi lé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níta yìí, Màmá, kò sí nínú kọ̀ǹpútà wa, a sì ti pa ìlẹ̀kùn fọ́ọ̀mù dé. Mi ò lè mú ẹni tí kò sí wọlé."

Kẹ́hìndé jáde pẹ̀lú ojú tó wú. Ó ní bí Táyé kò bá wọlé, òun kò ní lọ bí wọ́n bá tiẹ̀ mú òun. Táyé dì í lápá mú. "Bóo bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì la pàdánù. Ṣé ohun tóo fẹ́ nìyẹn?" A jọ wọ ọkọ̀ padà sí Igbó-Ọrà.

Mo bá Bàbá Ìbejì nílé, ó ń tún ẹnu ọkọ́ ṣe. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, mi ò dìde.

Ó ní, "Ìyá Bàsírà, ṣé ẹ̀rọ ló ṣe é?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo kánjú."

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn yín dáadáa, kó má baà ṣe ọmọ ẹlòmíràn." Ká ní ó bú mi ni, ì bá yé mi.

Mo lọ sí Ayétẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Músílíù gbọ́ tán, kò rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Ṣé búráúsà ló ṣe é, àbí ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ká ní ẹ pè é ní búráúsà ni, ǹ bá ní kẹ́ẹ máa lọ sílé. Ẹ jókòó."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi yẹ gbogbo búráúsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Músílíù hùmọ̀ orúkọ ẹni méjì tí kò sí láyé, Àlàbí àti Àjọkẹ́. A óò kọ Àlàbí sínú fọ́ọ̀mù, a óò ti fèrèsé, a óò tún un ṣí, a óò wá wò bóyá Àlàbí ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Àjọkẹ́ bá jókòó. Níbi tí a bá ti rí ipasẹ̀ Àlàbí, Músílíù á fi bírò pupa fa ìlà sínú ìwé mi. Níkẹyìn, èyí tó bá Linux wá lákọ̀ọ́kọ́, èyí tí mo kọ̀ nítorí pé ó lọ́ra, òun ló gbọ́ràn jù. A pa á láṣẹ pé kó má fi ọ̀rọ̀ aṣínà kankan pamọ́, kó má gbé ọ̀rọ̀ wá fúnra rẹ̀, kí ó gbàgbé ohun gbogbo bí a bá ti tì í. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan, fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. A yọ gbogbo ohun tí kò wúlò nínú ẹ̀rọ kí mẹ́mọ́rì lè tó o.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí, èsì mi rèé. Ẹ wo bí ẹ̀rọ yín ṣe lágbára tó. Ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ fẹ́ lọ máa ṣí lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn tó ṣe é ṣì ń tún un ṣe déédéé, kí olè má baà gba ibi tó ti jẹrà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè iye èèyàn tó máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn. Bó bá jẹ́ tiyín nìkan, kó máa rántí. Bó bá jẹ́ ti ará ìlú, ẹ jẹ́ kó máa gbàgbé.

Láti ìgbà náà, mi ò sáré mọ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti tún búráúsà ṣe, n óò tún fi Àlàbí àti Àjọkẹ́ dán an wò. Mo máa ń mú kí oníbàárà ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè kó tó dìde. Àwọn kan ń kùn, àwọn kan kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó yá ju tèmi lọ. Kí wọ́n máa lọ.

Kẹ́hìndé wọlé, ó ṣe nọ́ọ̀sì, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rò pé ọdún kan ni Táyé máa fi dúró. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, Bàbá Ìbejì ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì nà mọ́. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tún jáde, mo lọ bá Táyé nílé, mo ní kó wá kí n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Màmá, ta ni yóò lọ sóko?"

Ìbéèrè ló bi mí, kì í ṣe pé ó bú mi. Ọdún tó tẹ̀lé e, mo tún lọ. Èyí tó tẹ̀lé e, ó ti lọ́kọ sí Láńlátẹ̀. Ó di ọlọ́mọ méjì, ó ń ra ẹ̀gúsí lóko, ó ń kó o lọ sí Ìbàdàn. Bí a bá pàdé lọ́jà, á kúnlẹ̀ kí mi, á béèrè Bàsírà. Mo máa ń yà bá ọ̀nà mìíràn nígbà tí mo bá tètè rí i.

Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọrùn ń dùn mí, Bàsírà sì ń pariwo. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo pín àwọn ẹ̀rọ, mo mú ẹyọ kan wá sílé.

Lẹ́yìn àsìkò òjò tó kọjá, ọ̀kadà kan dúró lójúde mi ní ọ̀sán gangan. Táyé ló sọ̀ kalẹ̀. Mo wá ọ̀nà tí mo máa gbà, kò sí. Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìlera kan ń gba èèyàn, wọn kò wo ọjọ́ orí, ọkọ òun ti gbà, àwọn ọmọ ti dàgbà díẹ̀. Ó fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù.

Mo ní, "Inú mi dùn. Jẹ́ kí n júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún ọ, àwọn ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀rọ wọn tuntun."

Ó ní, "Mo mọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó ṣe é."

"Èmi? Táyé, èmi kẹ̀?"

"Àwọn yẹn kò tíì ṣi í ṣe rí, Màmá. Ọkàn wọn balẹ̀ jù. Ẹ̀yin, ẹ̀rù ń bà yín. Ẹni tẹ́rù ń bà ni mo fẹ́."

Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde sí pálọ̀. Mo tan Linux, mo ṣí búráúsà tó lọ́ra yẹn, mo wò ó bóyá nǹkankan wà nínú rẹ̀. Òfìfo. Mo tún tì í, mo tún un ṣí, mo tún wò ó. Ìka mi mọ ọ̀nà láìwò láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo fojú wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó máa pe orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pè é bí ọmọ iléèwé. Ohun tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí méjì ló gbà wá. Nígbà tó jáde tán, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sí mi létí, ó pa ìwé náà mọ́ sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ.

Ó lọ ṣe ìdánwò wọn. Lẹ́yìn náà, mi ò lè jókòó. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí ojú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà wò. Mo pè é débi pé ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wọlé ni, àbí èmi?"

Ní Ọjọ́rú kan, orúkọ jáde. Mo wá a látòkè, mi ò rí i. Mo nu gíláàsì mi, mo fìka tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, mo sì rí i, orúkọ rẹ̀ pé, kò sí lẹ́tà kan tó sọnù. Mo wo nọ́ńbà, òun náà ni. Mo pè é. Oko ẹ̀gúsí ló wà, mo ń gbọ́ atẹ́gùn àti ohùn àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Mo ka orúkọ rẹ̀ fún un. Mo rò pé fóònù ti já.

"Táyé?"

"Mo wà níbí, Màmá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.